Ìgbín Tí Mo Yọ Lára Aago Sayo

Òtítọ́ kan wà lọ́fun mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi láti ọdún pípẹ́ wá, mo sì ti pinnu láti tú u jáde kí ẹ̀mí mi tó bọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni dókítà sọ fún mi pé kí n má retí yìnyín ọdún yìí. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin sílẹ̀. Mo tẹríba, mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé, inú ọkọ̀ yẹn ni mo sì ti ń bi ara mi léèrè. Wọ́n á sun òkú mi bí wọ́n ṣe ń sun ti gbogbo èèyàn nílẹ̀ wa, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣa egungun mi sínú ìkòkò. Ṣé kí ọ̀rọ̀ yìí náà jóná mọ́ mi lára ni? Rárá o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹni rere ni ẹ mọ̀ mí sí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ní jẹ́lé-ó-sinmi wa létí òkun, àwọn òbí sunkún, àwọn ọmọ kọrin, ọ̀gá wa sì pè mí ní ìyá gbogbo ọmọ. Mo gba òdòdó, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wá gbọ́ irú ìyá tí èmi Tomizawa Kiyoe jẹ́.

N kò bímọ. Ọkọ mi kú kí a tó rí ọmọ bí, n kò sì wá ẹlòmíì. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé gbogbo ìfẹ́ mi lé, nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sọ di tèmi lọ́kàn mi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sayo ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí wọ́n gbé e wá bá wa. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ sí ìlú míì, ìyá rẹ̀, Uozumi Chizuru, sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ẹja. Ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá àgbà aládùúgbò wọn ló máa ń mú ọmọ náà wá láàárọ̀. Tó bá di àsìkò oorun ọ̀sán, àwa tíṣà máa ń jókòó ti àwọn ọmọ lórí ẹní, a ó máa fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn ní wọ́ọ́rọ́wọ́ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Sayo kì í gba ọwọ́ ẹlòmíì. Bí tíṣà míì bá fọwọ́ kàn án, á la ojú sílẹ̀, á ní, "Ọwọ́ Tíṣà Tomizawa ni mo fẹ́." Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dùn mọ́ mi nínú tó. Nírọ̀lẹ́, tí ìyá rẹ̀ bá sáré dé pẹ̀lú òórùn ẹja lára, mo máa ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Sayo. Ó ti ń retí yín." Ẹnu mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkàn mi ń sọ ni pé olè ti dé, ó fẹ́ gbé ọmọ mi lọ. Ẹni tó bí ọmọ rẹ̀ ni mo ń pè lólè. Ẹ ò rí i pé àìsàn mi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí Sayo pé ọmọ ọdún márùn-ún ni tíṣà tuntun kan, Hatano Mizuho, dé. Ọmọ Osaka ni, ẹ sì mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀: ohùn rẹ̀ á ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fún un ní Kíláàsì Ìràwọ̀, èmi wà ní Kíláàsì Òṣùpá, ẹgbẹ́ kan náà sì ni àwọn ọmọ wa. Kò pẹ́ tó fi bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ gbogbo ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé láìwọ bàtà, wọ́n á máa fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n á sì dé pẹ̀lú orúnkún dúdú àti ariwo ẹ̀rín. Mo ní, "Tíṣà Hatano, nǹkan á gé àwọn ọmọ yìí lẹ́sẹ̀ o." Ó ní, "Tó bá gé wọn, a ó fọ̀ ọ́, a ó lẹ báńdéèjì mọ́ ọn! Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la, Tíṣà Tomizawa, ẹ máa gbádùn ẹ̀." Mo ní orúnkún ń dùn mí. Irọ́ ni, orúnkún mi kò ṣe mí ní nǹkan kan nígbà náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ti gíláàsì fèrèsé, wọ́n ń wo òkè. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Nígbà òjò, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ tí mo padà síṣẹ́, àsìkò oorun ọ̀sán ni mo dé. Mo yọjú sínú yàrá, mo bá Sayo tó ń sùn, ọwọ́ Hatano ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Hatano gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn, ó rọra sọ̀rọ̀: "Ẹ káàbọ̀! Ẹ má yọra yín lẹ́nu mọ́, ó ti gbà mí o. Ó tiẹ̀ tètè sùn." Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun ń fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣé o." Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún mi. Owú ni mo ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Mo ń jowú ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, nítorí ọmọ tí kì í ṣe tèmi, tí kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Dókítà Shinohara wá bá wa láti yunifásítì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé àpótí kan wá tó kún fún ohun tó dà bí aago ọwọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní ojú, tí kì í sọ àkókò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń mọ ìgbà tí ọmọ bá ń sáré, ìgbà tó bá jókòó, ìgbà tó bá sùn, àti ìgbà tó bá ń yí kiri lójú oorun. Tọ̀sán tòru ni àwọn ọmọ á máa fi sọ́wọ́, nílé ìwé àti nílé wọn, àfi tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tó ń gun òkè máa ń sùn ju ọmọ tó ń ṣeré nínú ọgbà lọ. Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Kuwabara, pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Èyí tí aago bá ti lẹ́yìn ni gbogbo wa máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ti Tíṣà Hatano, òun ló máa kọ́ gbogbo wa, àtèmi ìyá arúgbó náà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ti dúdú. Ṣé èmi ni ọmọ àná yìí fẹ́ wá máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ?

Bíi ti jẹ́lé-ó-sinmi tó kù, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí a ti fún un nígbà tí kò tíì lè ka orúkọ rẹ̀. Sítíkà àmì yẹn máa ń wà níbi bàtà rẹ̀, lókè ibi tó ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ sí, lára ife rẹ̀. Ìgbín ni ti Sayo. Lámilámi ni ti Gento, ọmọ kíláàsì Hatano kan tó jẹ́ pé tó bá ti sùn, ààrá kò lè jí i. Dókítà Shinohara ti mọ nọ́ńbà tó wà nínú aago kọ̀ọ̀kan àti ọmọ tó ni ín. Àwa lẹ sítíkà àmì ọmọ mọ́ ọn lóde, kí a má baà fi aago ẹnìkan sọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa ń kó aago wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ká lè ṣáájì wọn, a ó sì dá a padà fún oníkálukú pẹ̀lú àmì rẹ̀. Èmi tí mo dàgbà jù ni wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ náà lé lọ́wọ́.

Ìwà ọmọdé ni mo kọ́kọ́ hù. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ń sùn, mo bọ́ aago ọmọ tó ya ọ̀lẹ jù nínú kíláàsì mi, mo tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi, mo ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà Shinohara pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa á. "Tíṣà Tomizawa, ẹ ní ọmọ kan tó ń sáré lójú oorun! Ṣé iwin ni?" Mo ní bóyá orí aago ọ̀hún ló dàrú. Ó ní kò burú, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní wọ ìṣirò, torí aago kò tíì mọ́ àwọn ọmọ lára. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò lè fi kún ti àwọn ọmọ mi. Ohun tó kù ni kí n ba ti Hatano jẹ́. Mo sì mọ nǹkan kan. Sayo kì í sùn dáadáa. Lójú oorun, ẹnu rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí, á máa hanrun bí àgbàlagbà, èémí rẹ̀ á dúró díẹ̀, á wá ta gìrì, á yí ara padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń jókòó tì í kò ka èyí sí àìsàn. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, torí ìgbà tó bá ta gìrì báyìí ni ọwọ́ mi máa ń wúlò.

Lọ́jọ́ tí a ṣáájì wọn, mo gbé apẹ̀rẹ̀ wọ ilé ìdáná, mo fi èékánná yọ ìgbín kúrò lára aago Sayo, mo yọ lámilámi kúrò lára ti Gento, mo sì pààrọ̀ wọn. Kò gba àkókò kankan. Láti ọjọ́ náà, aago Sayo ló wà lọ́wọ́ Gento, ti Gento ló wà lọ́wọ́ Sayo, oorun Sayo tó ń já wá di èyí tí wọ́n ń kà sí Gento àti kíláàsì Hatano lọ́rùn. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí Nonomura, ìyá tó ń dáná fún wa, tó dúró pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. "Tíṣà, ẹ̀yin náà ti wá ń fi sítíkà ṣeré?" Mo ní ó ń ṣí ni, mo ń tún un lẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ Osaka yẹn sọ fún ọ̀gá pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù fáwọn ọmọ. Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ mísò kí wọ́n tó bí i! Èmi ò rí nǹkan kan o. Ìkòkò ni mo ń wò." Ó yí padà sídìí iná. Báyìí ni ó ṣe bá mi dé e mọ́lẹ̀.

Ẹni tí kò gbà ni Sayo. Bí mo ṣe so aago mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Tíṣà, tèmi kọ́ nìyí." Mo ní, "Tìẹ ni. Ṣé o ò rí ìgbín rẹ ni?" Ó ní, "Mo rí i. Ṣùgbọ́n mo ti gé tèmi jẹ. Tí Màmá bá pẹ́, mo máa ń gé okùn ẹ̀ jẹ. Èyí ò ní ojú eyín." Òótọ́ ló sọ. Okùn tó ní ojú eyín wà lọ́wọ́ Gento ní kíláàsì kejì. Mo ní, "Sayo, ìgbín kì í parọ́." Ó tẹjú mọ́ ìgbín náà pẹ́, ó wá sọ pé, "Eléyìí ń parọ́." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, torí mo ń gbọ́ ohùn Hatano ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fa Sayo dúró níwájú gbogbo kíláàsì, mo ní kó tọrọ àforíjì pé ó ń ṣe agídí lórí ohun tí kò mọ̀. Ó dúró, apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Ó tẹríba. "Ẹ má bínú. Mo ṣì í mọ̀." Mo ní ó káre. Ọmọ tó sọ òótọ́ ni mo fipá sọ di òpùrọ́, tí mo sì tún yìn ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ewé fẹ́ tán lórí igi, mo dá sítíkà padà sí ipò wọn, Dókítà Shinohara kó aago rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè wá jókòó. Ó ní àwọn ọmọ òkè ń sáré ju tiwa lọ, wọ́n sì ń sùn dáadáa, àfi ọ̀kan. Ó ní Gento ń jí, ó ń yí, ó tún ń jí, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ òun lóminú. Hatano ní, "Gento kẹ̀? Gento tí a máa ń gbé kúrò lórí ẹní kó tó jí?" Ìyá Gento gbé e lọ sí ọsibítù. Ó sùn níbẹ̀ bí igi, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Tí kì í bá ṣe àìsàn, kí ló wá ń dà á láàmú? Èmi ni mo dá ìyá rẹ̀ lóhùn, láìgbé ohùn sókè. Mo ní, "Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ jù ni. Òkè gígun lójoojúmọ́, ara ọmọdé mà ni." Ìyá Gento gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó kù, wọ́n yí ọ̀gá wa ká, wọ́n ti ọ̀nà òkè pa, bàtà padà sẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ. Hatano bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Tíṣà Hatano, ṣé eku ìdánwò la fẹ́ sọ ọmọ èèyàn dà ni?" Ọ̀gá wa mi orí, ó ní mo gba tàwọn ọmọ rò.

Ẹ má tíì bínú tán, torí èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Lọ́jọ́ kan nínú òtútù, Ìyá Sayo tètè dé, kò tíì bọ́ bàtà rọ́bà ilé iṣẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọmọ yìí ń hanrun bí ọkùnrin tó mutí yó. Èémí ẹ̀ á dúró, èmi náà á dákẹ́, mi ò ní lè mí títí á fi mí. Mo fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́la. Kí ni aago yẹn wí?" Ó ń bi mí, ó ń wo ẹnu mi. Kò sí ẹni tó lè dá mi lọ́wọ́ dúró láti sọ òótọ́. N kò ní láti jẹ́wọ́ pàápàá. Mo lè ní, "Ẹ gbé e lọ, Ìyá Sayo," kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i ní ọsibítù pé oorun Sayo kò dáa, Dókítà Shinohara á fẹ́ mọ ìdí tí aago fi sọ pé ó dáa. Ìyẹn ni ẹ̀rù mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Mo wo obìnrin náà, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó rẹ̀ ẹ́ títí dé egungun, síbẹ̀ òun ló máa gbé Sayo mọ́ra lálẹ́, tí èmi á lọ jẹ ìrẹsì tútù nìkan nílé mi. Mo fẹ́ kí nǹkan kan dùn ún. Mo ní, "Aago ní Sayo ló ń sùn jù nínú gbogbo wọn. Kò sí àìsàn lára ọmọ yìí, Ìyá Sayo. Ìyá ló ń wá. Ẹ̀ ń jáde kó tó jí, ẹ̀ ń padà wá pẹ̀lú ara tó ti kú tán. Báwo ni ọkàn ọmọ á ṣe balẹ̀?" Ojú rẹ̀ fà ro. Ó tẹríba kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo ń pa ọmọ mi lára." Kò gbé e lọ sí ọsibítù. Mo sì rántí dáadáa pé inú mi dùn.

Hatano fi wá sílẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí ọdún ilé ìwé parí. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ké. Ó wá síwájú mi, ó tẹríba. "Tíṣà Tomizawa, ẹ ṣeun fún gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí Sayo. Bó ṣe ń mí lójú oorun ò tẹ́ mi lọ́rùn." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Òun tí mo lé lọ ló ṣì ń ro ti ọmọ náà, èmi tí mo sọ pé ọmọ náà jẹ́ tèmi ni mo mọ̀ tí mo sì dákẹ́.

Sayo wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń sùn lórí ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Asùnmáparadà, tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀, ó ń bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe nílé, owó tó ń wọlé kò tó nǹkan, kó ṣáà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò sì yé hanrun. Sayo ti ń di ọ̀dọ́mọbìnrin kí dókítà ilé ìwé kan tó wo ọ̀fun rẹ̀, tó bá ẹran kan tó ti wú dí ọ̀nà èémí lẹ́yìn imú. Wọ́n gé e. Mo gbé ọsàn lọ kí wọn ní ọsibítù. Ìyá Sayo di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tíṣà, ẹ ti ṣe ìyá fún un ju èmi lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń wá látọjọ́ tí ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo jáde lọ bì sẹ́yìn ọsibítù.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ ti ẹ̀dọ̀ fún mi, mo wá nọ́ńbà Hatano rí, mo pè é, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé Sayo ti gbọ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ lọ bá a kọ́kọ́. Tèmi lè dúró." Sayo ti di ẹni tó ń ṣe irun fún àwọn èèyàn ní ìlú kejì. Mo dúró títí tó fi parí iṣẹ́, mo sọ ọ́ fún un lórí àga tí wọ́n ti ń fọ irun. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Nítorí náà, èmi ò ya ọ̀lẹ." Mo ní, "O ò ya ọ̀lẹ rí." Ó ní, "Màmá ti kú, ṣé ẹ gbọ́? Ìgbà ìrúwé, tí òdòdó igi ṣẹ́rì yọ, lọ́dún tó kọjá ni. Lórí ibùsùn ikú, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní kí n dárí ji òun pé òun lọ ń ṣiṣẹ́ ẹja nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ló ba oorun mi jẹ́. Mo ní mo ti dárí jì í. Tíṣà, mo dárí ji ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú ní èjìká, ọwọ́ rẹ̀ le. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi níbí. Tí ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń fọ ibojì àwọn èèyàn wọn bá dé, ẹ wá sọ ọ́ fún Màmá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ ó fẹ́ràn wọn, kò sí bí ẹ ò ṣe ní fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí inú yín bá bàjẹ́ pé ọmọ náà sùn lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ sá fún ara yín, ẹ pe ọ̀gá yín, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Tí ìyá bá ní èémí ọmọ òun kò dáa, ẹ gbà á gbọ́ kí ẹ tó gba ẹ̀rọ gbọ́, torí ọwọ́ èèyàn bíi tèmi ló ń so ẹ̀rọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Gento, ìyá Gento, Ìyáàfin Kuwabara tó ti dolóògbé, Dókítà Shinohara tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, Hatano tí mo gba òkè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ gbogbo yín. Ẹni tó bá lè fún mi, kó fún mi. Ẹni tí kò bá lè fún mi kò jẹ̀bi.

Ọjọ́ àtifọ ibojì náà dé nígbà ìwọ́wé, gbogbo ìlú ló wà ní itẹ́ òkú pẹ̀lú korobá àti òdòdó. Sayo fọ òkúta ibojì ìyá rẹ̀, ó tan tùràrí, ó gbé agbè omi lé mi lọ́wọ́. Mo da omi sórí òkúta náà, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà. Sayo ní, "Ẹ gbóhùn sókè. Etí rẹ̀ ti wúwo kó tó kú." Mo gbóhùn sókè díẹ̀. Ó ní, "Kò tíì gbọ́." Mo wá pariwo. Mo ní, "Ìyá Sayo, ẹ̀yin kọ́! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ba oorun ọmọ yín jẹ́! Èmi Tomizawa ni! Mo mọ̀, mo sì parọ́ fún yín!" Àwọn tó wà nídìí òkúta míì gbójú sókè, mo rí àwọn òbí tí mo bá tọ́mọ láàárín wọn, korobá kan ṣubú lọ́wọ́ ẹnìkan. Sayo gba agbè lọ́wọ́ mi, ó da omi tó kù sórí òkúta ìyá rẹ̀, ó sì fọwọ́ nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀yin kọ́." Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn itẹ́ òkú láìbojú wẹ̀yìn, n kò sì pè é padà.